Oyún gbé ìrora oríkèé mi lọ, ìbímọ dá a padà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Aṣọ ni mo ń rán, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń jẹun. Nígbà tó wá di pé mi ò lè mú sísọ́ọ̀sì láàárọ̀ àfi kí n kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, tó sì máa ń lé ní wákàtí kan kí ìka tó ṣeé ká, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni o, oríkèé ìka tó sún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ló wú, ó gbóná, òrùka ìgbéyàwó ò wọlé mọ́. Gbogbo èèyàn ní làkúrègbé ni, kí n wá àgbo mu. Mo ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, ìgbà wo ni mo darúgbó?

Ọsibítù ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní rheumatoid arthritis ni. Ó yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà tí orúnkún wọn ti jẹ. Tèmi yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà nínú ara ló ṣì mí mú, tí wọ́n dojú ìjà kọ awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú oríkèé, àfi bí ọlọ́dẹ téèyàn gbà sílé tó wá ń na onílé. Wọ́n fún mi ní methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni o, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè pa á), pẹ̀lú folic acid. Nígbà tá a fẹ́ bímọ wọ́n ní kí n dá a dúró ṣáájú torí ó máa ń ba oyún jẹ́, wọ́n sì fún mi ní òmíì tí aláboyún lè lò.

Oyún dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kó tó pé oṣù márùn-ún mo ti gbàgbé pé mo ní oríkèé. Mo ń ro àmàlà fúnra mi, mo gé aṣọ ẹbí ogún èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó débi pé àwọn ìyá ìjọ ní kí n rọra torí ọmọ inú. Mo da oògùn nù, mi ò dé klíníìkì oríkèé mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ọmọ pé ọ̀sẹ̀ keje, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ké, ó ti tọ̀ sára, mi ò lè tú bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré. Èmi tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni mo ń gbé jẹ. Mo fi eyín tú u. Màmá ọkọ mi wọlé bá mi bẹ́ẹ̀, aṣọ ọmọ lẹ́nu mi, omijé lójú, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gba ọmọ. Lálẹ́ ni wọ́n pe ọkọ mi sí kọ̀rọ̀, mo gbọ́ “ayé”, mo tún gbọ́ orúkọ ìyá kan ládùúgbò wa tó gbé ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ojú ń tì mí láti padà sí ọsibítù, èmi tó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yà sí kẹ́míìsì, wọ́n di oògùn mélòó kan sínú ọ̀rá fún mi, kò lórúkọ, kò ní páálí. Ọjọ́ mẹ́ta, ìrora lọ. Kò pẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ róbótó, gbogbo èèyàn ń kí mi, “Ìyá ìkókó, ọmọ yìí mà bá yín lára mu o!” Sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń pa ìrora tó sì ń wú ojú, ló wà nínú ọ̀rá yẹn o jàre! Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ru tí orí ń fọ́ mi ni mo tó gbé ìtìjú tà, mo padà sọ́dọ̀ dókítà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì fi dín in kù torí kò ṣeé já sílẹ̀ lójijì.

Dókítà yẹn, ìyá àgbà kan ni wọ́n, wọ́n wò mí títí wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ẹnikẹ́ni ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, ibi ọmọ ló jáde.”

Wọ́n ní nígbà oyún, ibi ọmọ máa ń tú họ́mónù obìnrin, estrogen àti progesterone, sínú ẹ̀jẹ̀, ó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìdajì ọmọ inú, ti bàbá ẹ̀ ni, àlejò ló jẹ́ lójú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá, tí ara ò bá pàrọwà fún wọn wọ́n lè yí sí i. Họ́mónù wọ̀nyẹn wà lára ohun tó ń pàrọwà ọ̀hún: àwọn T cell (irú kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà nínú ara) tó ń dá wàhálà sílẹ̀ á rọlẹ̀, àwọn tó ń parí ìjà á pọ̀ sí i, oríkèé náà á sì bá wọn jẹ nínú àlàáfíà yẹn. Ọmọ dé, ibi tẹ̀ lé e, họ́mónù já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, prolactin tó ń mú omi ọyàn wá sì gòkè, òun náà sì máa ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó ju ìdajì àwa tá a ní àìsàn yìí tí ara wa máa ń fúyẹ́ nínú oyún, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń padà sídìí ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá bímọ. Ẹ má torí ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọyàn o, oògùn tí ìyá ọlọ́mọ lè lò wà.

Estrogen yìí náà ojú méjì ló ní. Tó bá pọ̀ bíi ti oyún, ó ń tu nǹkan lára. Ní ìwọ̀n tí obìnrin ń gbé kiri lójoojúmọ́, ó máa ń ta àwọn B cell jí, àwọn tó ń rọ ohun ìjà, tó fi mọ́ èyí tó ń ṣìnà lọ bá oríkèé. Testosterone ti ọkùnrin, pàrọwà ló sábà máa ń ṣe ní tiẹ̀. Ìyẹn wà lára ìdí tó fi jẹ́ pé bí ọkùnrin kan bá ní in, obìnrin bíi méjì sí mẹ́ta ló ń ní in. Kì í ṣe họ́mónù nìkan ṣá, ti ìdílé wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1938, Philip Hench, dókítà kan ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríkèé àwọn aláboyún ń sàn, ó ní ara ń pèsè nǹkan kan tó ń fa á, ó ń wá nǹkan ọ̀hún títí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi débi cortisone, irú sítẹ́rọ́ọ̀dù kan, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1950. Ẹbí cortisone yẹn náà ni kẹ́míìsì dì sínú ọ̀rá fún mi!

Oyún kejì, mi ò jẹ́rìí kankan. Mi ò pa klíníìkì jẹ, mi ò da oògùn nù. Inú oṣù kẹjọ lèmi àti dókítà ti kọ ohun tí màá máa lò lẹ́yìn ìbímọ sílẹ̀, hydroxychloroquine àti sulfasalazine, torí methotrexate ò dáa fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, wọ́n sì ti fún mi lọ́jọ́ tí màá padà wá. Mo sọ fún ọkọ mi pé òun láá máa wẹ ọmọ láàárọ̀. Gbogbo aṣọ ọmọ ni mo rán velcro sí. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó dé lóòótọ́, ìka wú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gé aṣọ fún bí oṣù kan, lẹ́yìn náà èmi náà padà sídìí sísọ́ọ̀sì.

Màmá ọkọ mi ò tíì gba ọ̀rọ̀ ibi ọmọ yẹn gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá àdúgbò wa yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé, èmi ni mo jáde lọ gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́.