Ẹrù ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, yálà ẹ fẹ́ ra tírélà tiyín ni o, tàbí wọ́n gbà yín sí ọ́fíìsì pé kí ẹ máa bójú tó ìwé ọkọ̀ àti ti dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀. Èmi pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, owó ẹlòmíì ni mo sì fi kọ́ ọ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní Ohio ni mo wà nígbà náà. Ọkọ̀ mẹ́fà la ní, ọjà tiwa la sì fi ń kó. Lọ́jọ́ kan, dẹ́rẹ́bà wa já ilẹ̀kùn fún oníbàárà kan ní Indiana, ó kù kó padà wálé lófìfo. Oníbàárà yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé pálẹ́ẹ̀tì táìlì mẹ́rin dé Ohio, òun á san $350. Dẹ́rẹ́bà pè mí. Mo rò ó pé ọkọ̀ ń bọ̀ nílé náà ni, epo ti wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni. Mo ní kó gbé e.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá ní kó mú ìwé ẹrù wá. Orúkọ ẹni tó ni táìlì wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ fún wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ owó ọkọ̀ sísàlẹ̀ gbàǹgbà. A kì í ṣe ẹni tó ni ẹrù, a kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbà á. Ọlọ́pàá rìn lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ka nọ́ḿbà USDOT wa, ìyẹn nọ́ḿbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá ilé iṣẹ́ akẹ́rù mọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rí i pé a ò ní àṣẹ láti fi ọkọ̀ ṣe háyà. Mo ti ń retí kí dẹ́rẹ́bà sọ fún mi pé wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì, kó máa bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní 49 CFR 392.9a sọ ọ́ kedere: ọkọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ tó gba àṣẹ láìní àṣẹ, dídá ni kí wọ́n dá a dúró. A ní láti wá ọkọ̀ ẹlòmíì tó ní àṣẹ kó wá gbé pálẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yẹn, dẹ́rẹ́bà wa sì sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì wa, wọ́n ní ọjà tiwa nìkan ni àwọn gbà láti dúró fún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ká ní ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ni òfin ìjọba àpapọ̀ pín àwa akẹ́rù sí. Ẹni tó ń kó ọjà ara rẹ̀ nítorí òwò mìíràn tó ń ṣe, private carrier ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń gba owó kó lè gbé ẹrù ẹlòmíì, for-hire carrier nìyẹn, ohun tí àwa ń pè ní háyà. Ẹ ò rí i pé òfin ò béèrè ta ló ni ọkọ̀. Ẹrù ta ni, ta ló sì ń sanwó nítorí pé a gbé e? Ohun tó ń béèrè nìyẹn. Àwa la ni ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kọ́bọ̀ gbèsè ò sí lórí wọn, síbẹ̀ pálẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sọ wá di háyà láàárín wákàtí kan.

Ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́. Òfin ọdún 1935 ló kọ́kọ́ kó ọkọ̀ akẹ́rù sábẹ́ ICC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ti ń ṣàkóso rélùwéè láti 1887. Nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe háyà ló ń rí àṣẹ gbà. Ààrẹ Jimmy Carter ló fọwọ́ sí òfin 1980 tó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ̀ FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000, lẹ ti ń gba àṣẹ: $300 fún irú àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín á fi ìwé ẹ̀rí inṣọ́ránsì, BMC-91 tàbí BMC-91X, ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀, ẹ ó sì yan ẹni tí yóò máa gba ìwé ẹjọ́ fún yín ní ìpínlẹ̀ gbogbo, èyí ni wọ́n ń pè ní BOC-3. Kò le púpọ̀. Ohun tó le ni kí ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó rántí.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn, torí ó jẹ́ kí ààlà yìí hàn. Onísòwò kan ní Texas ń kó ẹran ọ̀sìn lọ tà, tó bá ń bọ̀, á ra ṣúgà ní Louisiana kí ọkọ̀ má bàa bọ̀ lófìfo. ICC ní háyà ló ń ṣe, pé ó kàn fi rírà àti títà bo owó ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1964, wọ́n sì dá onísòwò náà láre. Ìdí ni pé òwò ṣúgà ló ń ṣe lóòótọ́: òun ló rà á, ó ń kó o sínú ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀, òun náà ló ń tà á. Ẹ fi táìlì wa wé e. Ta ló rà á? Bó bá fọ́ lọ́nà, ọjà ta ló fọ́?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ta ilẹ̀kùn, tí ẹ sì kọ owó ìgbélọ sórí ìwé owó oníbàárà, ìyẹn nìkan ò sọ yín di háyà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé títa ilẹ̀kùn ni òwò yín gan-an. Ẹ ṣọ́ra bí ọ̀gá yín bá ní ilé iṣẹ́ méjì. Bí ọ̀kan bá ń gbé ẹrù ìkejì tó sì ń gbowó, àfi kí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà tó ní ara wọn ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kí òfin tó fojú ọjà ara ẹni wò ó. Ìdá 90 ò tó. Irè oko tí wọn ò tíì sọ di nǹkan mìíràn yàtọ̀ ní tirẹ̀: ẹ lè gbowó gbé e kọjá ìpínlẹ̀ láìgba àṣẹ háyà.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà jù ni èyí: wọ́n á ní, "Ọjà wa la ń kó, àwọn òfin yẹn ò kàn wá." Ó kàn yín. Ọkọ̀ tó bá ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn fún òwò, tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ mọ́ ọn, tàbí tòun ti tírélà tó ń fà lápapọ̀, bá ti tó 10,001 pọ́n-ùn, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà USDOT. Píkọ́ọ̀pù tó ń fa tírélà kékeré lè tó bẹ́ẹ̀, ẹ má wo tírélà ńlá nìkan. Wákàtí 11 ni dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ẹrù lè fi wakọ̀ lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ bí wákàtí 14 bá ti pé látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oorun ò mọ ẹrù ara ẹni yàtọ̀ sí ẹrù àjèjì, mo sì gbà pé òfin ṣe dáadáa níbẹ̀. Fáìlì dẹ́rẹ́bà, ìwé dókítà, àyẹ̀wò oògùn olóró fún ẹni tó ní CDL (ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá), orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ḿbà lára ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí èèyàn lè kà láti ẹsẹ̀ bàtà 50: gbogbo rẹ̀ jọ wà fún private àti háyà ni.

Inṣọ́ránsì ni ọ̀nà ti pín. Háyà tó ń fi ọkọ̀ tó tó 10,001 pọ́n-ùn kó ẹrù lásán kọjá ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán $750,000. Ẹni tó ń kó ọjà ara rẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan eléwu, ìjọba àpapọ̀ ò dá iye kan fún un, ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. Bó bá ti di nǹkan eléwu, $1,000,000 tàbí $5,000,000 ń bẹ fún àwọn méjèèjì. Háyà sì tún ń dáhùn fún ẹrù tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nípa òfin kan tí wọ́n ṣe fún rélùwéè ní 1906 tí wọ́n wá fà dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní 1935.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ṣọ́ọ̀ṣì wa náà o. Bọ́ọ̀sì tó ń kó ọmọ ìjọ lọ sí ìpàdé ní ìpínlẹ̀ kejì láìgbowó, private ni. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá wá fẹ́ ìyàwó, tí ṣọ́ọ̀ṣì yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì àti awakọ̀ fún wọn láti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó sì gba owó, háyà ti wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀sì háyà tó ní ààyè èèyàn 16 sókè, àti awakọ̀ mọ́ ọn, $5,000,000 ni inṣọ́ránsì rẹ̀. Mo ti bẹ alàgbà méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú ọ̀kan ò dùn sí mi, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn èèyàn ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Ẹ lọ wo ìwé MCS-150 ilé iṣẹ́ yín lónìí, ìyẹn ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ irú ẹni tó jẹ́ fún FMCSA. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ irú akẹ́rù tí ẹ jẹ́, kí ẹ fi wé ìwé ẹrù oṣù tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Nọ́ḿbà tó kẹ́yìn nínú USDOT yín ló ń sọ oṣù, 1 ni oṣù kìíní, 0 ni oṣù kẹwàá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: bó bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, gbogbo ọdún tí ọ̀kan nínú nọ́ḿbà wọ̀nyí parí rẹ̀ ni, bó bá sì jẹ́ 0, 2, 4, 6 tàbí 8, gbogbo ọdún tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí parí rẹ̀ ni. Bí àkókò bá kọjá, wọ́n lè pa nọ́ḿbà yín, dẹ́rẹ́bà tó wà lójú ọ̀nà ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́.