Ọwọ́ búrẹ́dì kì í ṣe ọwọ́ bísíkíìtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ kọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń po ìyẹ̀fun títí yóò fi máa fà bí rọ́bà, ọwọ́ yẹn náà ni mo sì gbé dé ìdí bísíkíìtì. Mo bu omi sí i, mo pò ó dáadáa, èyí tí ó sì jáde le tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ní láti rì í sínú tíì kí ó tó lè jẹ ẹ́.

Ìyẹ̀fun àlìkámà ní èròjà kan tí ó jẹ́ pé, bí omi bá kàn án tí ọwọ́ sì ń gún un, yóò so kọ́ra bí okùn. Òun ni wọ́n ń pè ní gluten. Okùn yìí ni ó ń gbé búrẹ́dì ró, òun náà ni ó sì ń mú kí bísíkíìtì le. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ rún bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun, kí ọ̀rá lè bò ó, kí omi má sì ráyè dé ibẹ̀.

Bísíkíìtì tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará Scotland, tí wọ́n ń pè ní shortbread: ìyẹ̀fun 300 gíráàmù, bọ́tà 200, ṣúgà 100, àti iyọ̀ díẹ̀, láìsí ẹyin tàbí omi. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, nítorí ife kan lè gba ìyẹ̀fun ju èkejì lọ. Orí ìka ni kí ẹ fi rún un, nítorí àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbóná. Nígbà tí ó bá rí bí gààrí tí a wọ́n omi sí, tí ẹ fún un mọ́wọ́ tí ó sì dì, ó ti tó, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Bọ́tà inú ike tí ó rọ̀ kò dára fún un, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa pàápàá kò ṣàánú bọ́tà. Ìdájí ni èmi máa ń ṣe tèmi, mo sì máa ń fi í sínú fíríìjì fún 30 ìṣẹ́jú kí n tó gé e.

Nínú ààrò tí ó gbóná dé 160 lórí ìwọ̀n Celsius, ó máa ń gbà tó 20 ìṣẹ́jú. Bí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ ọ́, bí àárín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí bí ó bá ṣe ń tutù ni yóò máa le. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú agolo, torí pé èyí tí a bá kó pamọ́ ní gbígbóná, ooru rẹ̀ yóò di omi lára ìdérí, yóò sì ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.