Ọ̀pá mítà kan àti òjìji rẹ̀: ètò Jọ́gíráfì SS1 fún sáà àkọ́kọ́

Sátidé, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀túnla ni ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Bí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ da ìtumọ̀ Jọ́gíráfì kọ láti ojú pátákó, kí wọ́n sì há a sórí. Ìyẹn lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí SS1 kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n wọn nǹkan: kí wọ́n fi ọ̀pá àti òjìji wá ibi tí Ìbàdàn wà lórí ilẹ̀ ayé. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò longitude (iye dígíríì tí ibì kan fi wà ní ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù) kò ní rò pé ìlà tí wọ́n kàn fà sórí máàpù ni.

Mítà kan gééré ni kí ọ̀pá náà jẹ́ láti ojú ilẹ̀, kí ìṣirò má bàa le. Garawa oníyanrìn tí a máa ń rì í sí kò wúlò lóṣù yìí: òjìji ọ̀sán gangan kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 lọ, inú garawa ni yóò parí sí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ká gbẹ́ ká sì rì í sí. Ká wá fi okùn tí a so òkúta mọ́, bíi ti bíríkìlà, wò ó láti ọ̀nà méjì bóyá ó dúró ṣánṣán. Bí ó bá fi dígíríì kan péré tẹ̀, orí òjìji yóò yẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ìyẹn sì pọ̀ jù lára 7.

Òjìji kúrú báyìí nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni oòrùn kọjá lórí wa gan-an, tó ń lọ sí gúúsù. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìgbà náà, gúúsù ni òjìji ọ̀sán ń nà sí ní Ìbàdàn. Àríwá ló ń nà sí báyìí. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, ọ̀pá kan náà yóò ní òjìji bíi sẹ̀ǹtímítà 57. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó wọ̀n ọ́n kí sáà tó parí, lójú ibi kan náà.

Kí wọ́n má ṣe dúró máa ṣọ́ ìgbà tí òjìji bá kúrú jù. Ní ọ̀sán gangan, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í yí gígùn rẹ̀ padà ju mìlímítà mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ orí òjìji fúnra rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Kí wọ́n sàmì sí orí òjìji ní 11:30, 11:45 àti 12:00. Kí wọ́n fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí tó gba ojú àmì kọ̀ọ̀kan, kí ìdí ọ̀pá jẹ́ àárín rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, kí wọ́n kọ aago tí orí òjìji bá tún kan òbìrí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìdajì ọ̀nà láàrin aago méjèèjì ni ọ̀sán oòrùn, ìgbà tí oòrùn ga jù lójú ọ̀run. Àmì 11:30 yóò padà ní nǹkan bí 1:48. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá yóò ti délé kí òjìji tirẹ̀ tó padà, nítorí aago méjì la ń jáde.

Ìṣirò ló wá kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Longitude 15 ní ìlà-oòrùn ni a fi ń ka aago Nàìjíríà, ìlà yẹn kò sì gba ilẹ̀ wa kọjá rárá. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi 3.9, ìyẹn ni pé ó fi dígíríì 11.1 wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlà yẹn, oòrùn sì ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ayé fi ń yí dígíríì kan, 11.1 ní ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 44. Ọ̀sán oòrùn yẹ kó bọ́ sí 12:44, ṣùgbọ́n 12:39 ni àwọn ọmọ yóò rí. Wọn kò ṣì í. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kò rí róbótó, ayé fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà oòrùn máa ń ṣáájú aago tàbí kí ó rẹ̀yìn. Láàárín oṣù Kẹsàn-án, ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, 16. Ní àárín oṣù Kejì, ó ń fi 14 rẹ̀yìn. Ọmọ tí kò bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún náà kún 12:39 kó tó ṣírò yóò rí longitude 5.25. Ó ti gbé Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́ nìyẹn.

(Ẹni tó bá ní àǹtí ní Lọ́ńdọ̀nù, kó bi í ní aago lọ́sẹ̀ yìí: ọ̀kan náà ni pẹ̀lú tiwa. Kó tún bi í lẹ́yìn Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, yóò ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn wa. Òfin ló yí aago padà, oòrùn kò mọ̀ sí i.)

Máàpù ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà. Fótókọ́pì ló ń ba èyí jẹ́ jù. Tí wọ́n bá dín máàpù 1:50,000 (sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìdajì kìlómítà) kù láti A3 sí A4, ó ti di nǹkan bí 1:70,700, ṣùgbọ́n 1:50,000 ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ á wọn sẹ̀ǹtímítà 7, á kọ kìlómítà 3.5, nígbà tí ọ̀nà náà sún mọ́ 5. Ìlà scale (òṣùwọ̀n máàpù) tí wọ́n yà sísàlẹ̀ ni kí wọ́n gbà gbọ́, torí òun ń sún kì pẹ̀lú máàpù. Òwú ni ká fi wọn odò àti ọ̀nà tó wọ́. Ká kọ́kọ́ fi omi rẹ òwú náà díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ ìwé. Òwú tó ń nà bíi rọ́bà kò dára.

Fún máàpù àgbáyé, ọ̀rá tó mọ́ gaara ti tó. Kí wọ́n gbé e lé glóòbù, kí wọ́n ya Greenland, kí wọ́n sún un lọ sórí Áfíríkà. Kí wọ́n ṣe bákan náà lórí máàpù Mercator ara ògiri, èyí tó ń mú kí ilẹ̀ tó jìnnà sí àárín ayé tóbi jù bó ti yẹ lọ. Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 14 ju Greenland lọ, bí ògiri tilẹ̀ fẹ́ sọ wọ́n di ìbejì.

Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: pẹ́ńsù HB méjì, rúlà sẹ̀ǹtímítà 30, òwú apá kan, ìwé àjákọ tí kò ní ìlà. Bíírò kò gbọdọ̀ kan máàpù. Ìdáhùn tí kò bá ní kìlómítà tàbí dígíríì lẹ́yìn yóò pàdánù máàkì kan, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ pé. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbójú sókè wo oòrùn; òjìji là ń wò.

Òjò oṣù yìí lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìkuukùu bá gba ojú ọ̀run kí ó tó di 11:30 lọ́jọ́ Mọ́ńdè, máàpù la ó fi ṣáájú, ọ̀pá yóò sì wà nílẹ̀ di Túsìdeè.