Kìlómítà Mẹ́fà Tó Kẹ́yìn

Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ èyí, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìrọ̀rí, nítorí pé àárọ̀ òní ni mo sá ìdajì máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ nígbèésí ayé mi. Kìlómítà 21.0975 ni ọ̀nà náà gùn tó. Nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀, 21 ni mo kà á sí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú báyìí pé ẹni tó bá ti sá a rí kò ní fojú kéré mítà 97 tó ṣẹ́ kù yẹn.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ni mo pinnu láti fi parí rẹ̀, nítorí náà kìlómítà kan kò gbọdọ̀ gbà mí ju ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 lọ. Mo fi bírò kọ 6:24 sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí n má baà gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn dún, tí èrò tú jáde bí ẹni tí ajá ń lé, èmi náà bá wọn lọ. Ara mi fúyẹ́, èémí mi balẹ̀, mo sì fi ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10 sá kìlómítà márùn-ún tí mo ti ṣètò ìṣẹ́jú 32 fún. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó rí owó he, n kò mọ̀ pé owó èlé ni mo yá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo padà sí ìwọ̀n tí mo ti pinnu, ó sì rọrùn títí dé kìlómítà kẹẹ̀ẹ́dógún. (Kibiwott Kandie, asáré ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, fi ìṣẹ́jú 57 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32 sá gbogbo ọ̀nà tó gùn báyìí ní Valencia lọ́dún 2020. Nígbà tí aago tèmi pé iye yẹn, n kò tíì dé kìlómítà kẹwàá.) Lójijì ni itan mi wúwo bí odó. Ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni asáré ń ná, bí eré bá sì ṣe le tó ni ó ṣe ń tètè jó. Ọ̀rá pọ̀ lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń tú agbára rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ka gbogbo èyí ní àkàtúnkà kí n tó lọ.

Mo ń rìn ní kìlómítà kejìdínlógún nígbà tí ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá mi. Mo ti kọjá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, mo tilẹ̀ káàánú wọn nítorí bí wọ́n ṣe ń rọra sá.

“Ọmọ mi, má jókòó o. Bó o bá jókòó, o ò ní lè dìde.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

Wọn ò yí ìgbésẹ̀ wọn padà, wọ́n sì lọ.

Wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57 ni mo fi dé òpin. Nítorí ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́ta tí mo yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá tí mo san. Iyọ̀ òógùn gbẹ sí mi lójú, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti dúdú, ẹ̀yìn ni mo sì ń fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bírò tó wà lẹ́yìn ọwọ́ mi kò tíì parẹ́. 6:24 náà ṣì hàn kedere, n kò kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí mo fi sá kìlómítà márùn-ún.