Ohun tí mo kọ́ nípa ṣíṣe olórí láàrin àwa télọ̀ l'Óṣogbo

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alága ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ọwọ́, ti àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Má há nǹkan mọ́wọ́. Mi ò sọ ti owó nìkan o, iṣẹ́ wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ náà wà ńbẹ̀.

Màmá tó ṣe alága ṣáájú mi ni mo kọ́ ọ lára wọn. Ẹ mọ̀ pé tí oṣù August bá ti ń wọlé tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ankó á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, alága ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wá bá torí òun ni wọ́n mọ̀. Ẹlòmíì á gbà á, á kó gbogbo ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò ní sùn, ọjọ́ ọdún á pé aṣọ ò ní pé. Màmá ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ní ẹ gbé ti àwọn ọkùnrin fún lágbájá, ọwọ́ ẹ̀ dáa nínú agbádá, ẹ gbé ti ọmọdé fún tàmẹ̀dùn, àwọn fúnra wọn á mú díẹ̀. Wọ́n mọ ọwọ́ kálukú, kì í sì í ṣe inú mítìn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù wa ni, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo bó o ṣe ń gé aṣọ, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Ẹ wo inú igbó Ọ̀ṣun wa tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, orúkọ wọn ni gbogbo ayé ń pè, àmọ́ àwọn nìkan kọ́ ló ṣe àwọn ère tó wà nínú igbó yẹn. Bàbá Adébísí Àkànjí wà ńbẹ̀, bíríkìlà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, símẹ́ńtì tí wọ́n mọ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọnà. Kàsálí Àkàngbé gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, kálukú ń ṣe é bí ọwọ́ tiẹ̀ ṣe rí. Bí olórí ṣe yẹ kó rí nìyẹn lójú tèmi.

Ti owó ò gùn. Kó wà nínú àkáǹtì ẹgbẹ́, kó má wà nínú ti alága, kó jẹ́ pé èèyàn méjì ó kéré tán ló ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ohunkóhun tí mo bá ná, mo máa ń ya fọ́tò risíìtì sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, kódà bó jẹ́ owó omi tí a mu ní mítìn.

Èyí tó le jù ni dídákẹ́. Ní 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó bọ́ sí nǹkan bíi ₦500, gbogbo àwa tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ figbe ta, a pe mítìn bóyá ká fowó lé iṣẹ́. Mo ti ní iye kan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí alága bá ti sọ tiẹ̀ ṣáájú, àwọn tó kù á ní bẹ́ẹ̀ náà ni, wọ́n á wá délé wọ́n á máa kùn. Mo ní kí ẹni tó kéré jù láàrin wa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa fara kanra, kí ló dé tí kálukú ń tan jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀, ṣé a ò lè tan ẹyọ kan ká jọ máa rapo sí i ni? Gbogbo ilé dákẹ́. Ohun tí a ṣe náà nìyẹn, owó tí a fi lé iṣẹ́ ò sì tó èyí tí mo ti rò rárá. Ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, ṣé ọmọ yẹn á sọ̀rọ̀?

Òun ló ń darí mítìn báyìí tí mi ò bá sí nílé. Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ bínú sí i, mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sọ ọ́, ó tán. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn, kọ́kọ́ lọ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà kó o bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ṣọ́ọ̀bù wọn.