Alágẹmọ lórí ọ̀pá wa

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí kò ju kí n dúró sójú kan lọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Láti 2014 ni mo ti ń bá àwọn sọ̀fíyọ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ṣiṣẹ́, èmi kọ́ ni mo sì ń wo inú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ló ń ṣe ìyẹn, lábẹ́ agboòrùn, níbi tí atẹ́gùn wà. Èmi ni mo ń gbé ọ̀pá. Ọ̀pá náà pupa, ó funfun, ó tún pupa. Dígí wà lórí rẹ̀, ìgò kékeré kan tó ní omi nínú wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan sì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú omi náà bí ẹyin alángbá. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dúró sáàárín òrùka tí wọ́n fà sára ìgò. Tó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ onílẹ̀ ti yẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí kòkòrò bá jẹ mí, n kì í họra. Bí ìyàwó bá pè, kí fóònù máa dún lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni pé, ẹni tó bá dúró bẹ́ẹ̀ nínú igbó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹranko ò kà á kún èèyàn mọ́. Ọdẹ á fi gbogbo òru wá wọn, á sì tún wálé lọ́wọ́ òfo. Èmi ò wá wọn o. Àwọn ló ń wá mi wá.

Ti alágẹmọ ni n ó kọ́kọ́ sọ. A wà lẹ́yìn Ẹ̀rúwà, lọ́nà Lánlátẹ̀, nínú oko pákí kan tí àwọn ọmọ bàbá kan fẹ́ pín. Oṣù kẹfà ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Pèrègún ni bàbá wọn àgbà gbìn sí ààlà, torí pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ gé e lónìí, á tún rú. Mo gbé ọ̀pá sídìí èyí tó wà ní igun, mo dì í mú, mo tẹjú mọ́ ìgò. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ewé pèrègún kan ló ń rìn bọ̀.

Kò kánjú. Á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á dá a dúró sójú òfuurufú, á mì síwájú, á mì sẹ́yìn, bí ẹni tí kò dá lójú pé ilẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí lánàá, kó tó wá gbé e lélẹ̀. Wọ́n ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, n kò mọ ijó tí wọ́n ń wí títí di ọjọ́ náà. Ó dé ṣóńṣó ewé, ó na ọwọ́ kan sí ọ̀pá mi. Ọwọ́ ni mo pè é: ìka méjì síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó fi dì mọ́ ọ̀pá, ó wé ìrù mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Ẹ̀rọ tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ han ní ìbàdí mi. Ọ̀gá ni. "Kí ló ń mi ọ̀pá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú kan."

Ká sòótọ́, mo ní ohun tí mo fẹ́ wò. Ṣé gbogbo wa la gbọ́ ọ pé ohunkóhun tí alágẹmọ bá gùn ni àwọ̀ rẹ̀ ń dà? Ọ̀pá pupa òun funfun rèé. Mo ń retí kó pupa. Ó kọjá ibi pupa, ó kọjá ibi funfun, ó bọ́ sórí pupa mìíràn. Aláwọ̀ ewé ló bá dé, aláwọ̀ ewé náà ló wà. Ohun tó yí padà kò ju pé ó ṣú díẹ̀, àmì tótòtó kan sì yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kà á pé kì í ṣe ohun tó gùn ló ń wò rárá. Oòrùn, òtútù, ìbẹ̀rù àti ìbínú ló ń pa á láwọ̀ dà. Ó jọ pé ojú mi ni kò wù ú.

Nígbà tó dé ọ̀gangan àyà mi, ó dúró. Ojú rẹ̀ kan ń wò mí. Èkejì ń yí kiri ní tirẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo òkè, bí ẹni pé orí ọ̀tọ̀ ló wà. Eṣinṣin kan bà lé apá aṣọ mi. Ojú méjèèjì bá kọjú síbẹ̀ pọ̀. Ẹnu là díẹ̀, nǹkan kan fò jáde, ó wọlé, eṣinṣin ò sí mọ́. Ẹ má bi mí bí ahọ́n ọ̀hún ṣe rí, n kò rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń jẹnu, ibi tó sì ti kan aṣọ mi tutù.

Bàbá tó ń mójú tó oko ti dé ẹ̀yìn mi. "Má fọwọ́ kàn án o," ó sọ ọ́ wúyẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun náà ò mọ̀, bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka, ó nà án sí i, èmi àti bàbá sì dúró bẹ́ẹ̀ títí kábíyèsí fi gbà láti ṣípò. Gbogbo ohun tí a wọ̀n níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, a tún un wọ̀n.

Àparò kì í ní sùúrù báyẹn. Wọ́n á lúgọ sínú koríko títí bàtà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n, wọn á wá gbéra fììì pa pọ̀, ọkàn èèyàn á sì bá wọn lọ. Wọ́n ti jẹ́ kí ẹni tó ń la ọ̀nà níwájú wa sọ àdá nù rí. Ọ̀gá a máa ṣàwàdà pé torí àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó gun orí ebè, ni wọ́n ṣe ń gbà wá wá wọn gíga ebè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Olè ni, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹ̀pà mi, ní Ìgàngàn, lójú mi kòrókòró.

Ti òkété ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 2023, a ń wá píláà àtijọ́ kan, òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì ààlà, nínú oko kòkó lẹ́bàá Ìkirè, àwọn ọ̀pẹ wà láàárín kòkó náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a rí i, ó dẹ̀gbẹ́ bí ọ̀mùtí. Ọ̀gá ní kí n ṣáà gbé ọ̀pá lé e ná. Mo dúró.

Nǹkan kan ń bọ̀ lórí ewé gbígbẹ, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, kò sì yà. Òkété ńlá kan ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹni tí ṣegede mú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bàtà mi kọjá, ó ki orí bọ ihò kan tí n kò tiẹ̀ rí lábẹ́ píláà. Orí ò wọlé. Bàtà mi ti tẹ etí ihò náà wó. Ó yí orí sí ọ̀tún, kò wọlé. Ó yí i sí òsì, kò wọlé. Ó wá jókòó, ó wo òkè, ó wo ojú mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ekuro jáde, ó bọ́ sórí bàtà mi. Òmíràn bọ́. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́, ìdajì ìrù rẹ̀ tó gbẹ̀yìn funfun bí ẹfun.

Alàdá wa sáré dé. "Ẹran ti lọ!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nínú ọkọ̀ lálẹ́, mo sọ ìtàn Magawa fún un: pé ní Tanzania, àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní APOPO tó ń kọ́ ìbátan òkété wa láti máa gbóòórùn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lójú ogun, pé ara wọn fúyẹ́, àdó ò lè bú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, pé Magawa tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nìkan rí 71 ní Kàǹbódíà kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021, pé wọ́n ti fi mẹ́dà wúrà dá a lọ́lá láti ìlú ọba ní 2020. Ó gbọ́ ọ tán.

"Wúrà?" ló wí. "Òkété?" Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Àṣẹjíré. "Ó máa sanra o."

Ọ̀gá ní tirẹ̀ ò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ihò òkété ló gbẹ́ ìdí píláà tó fi dẹ̀gbẹ́, nǹkan bí ìka mẹ́rin ló sì fi kúrò níbi tí pláànù wí. Ìdílé méjì ti ń bá ara wọn fà á láti ìgbà pípẹ́, oníkálukú ń fẹ̀sùn kan ìkejì pé ó sún ààlà.

A padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti fi ewé àti erùpẹ̀ dí ihò náà láti inú, ó dí pinpin. Mo wá ekuro mi sílẹ̀, n kò rí ẹyọ kan. Mẹ́wàá ti wọlé. Ọ̀kan tó kù wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ihò.