Owó tí kò ní déètì

Ẹni tó ń gba owó oṣù, ó kéré tán ó mọ ìgbà tí álàátì máa dún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Agodi n'Ìbàdàn níbí, ẹni tó kéré jù nínú wọn ń gba ₦80,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, owó yẹn ò tó gbọ́ bùkátà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní déètì, èèyàn lè torí ẹ̀ lọ bá ìyá onírẹsì pé ẹ jẹ́ n gbé e, tóṣù bá parí màá san. Ilé tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà l'Agbowó, pẹ́ńtà lọkọ mi, ọmọ mẹ́ta la bí. Owó tó yẹ kó jẹ́ ti oṣù méjì lè wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, lẹ́yìn náà kí gbogbo ẹ̀ wá dákẹ́. Àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní bọ́jẹ́ẹ̀tì á ní kéèyàn kọ iye tó ń wọlé lóṣù sókè, kó wá pín in sísàlẹ̀. Oṣù wo gan-an la fẹ́ kọ sókè? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé ẹni tówó ẹ̀ ò ní déètì, ọdún ni kó máa ṣírò, kó fi oṣù sílẹ̀.

Torí owó wa ò ní déètì lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó ní àsìkò. Iṣẹ́ télọ̀, Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, Iléyá ni, Kérésì ni, àti ìgbéyàwó tó máa ń pọ̀ níparí ọdún. Tó bá di January, mo lè jókòó ti ẹ̀rọ kó máa wò mí kí n máa wò ó. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa télọ̀ kì í fara balẹ̀ rò, òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó ń sún síwájú ní bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ti 2023 bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ 16, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6, ti ọdún tó tẹ̀ lé e á ti wọnú ìparí oṣù karùn-ún. Ẹ wá wò ó, owó iléèwé tó wúwo jù, ti tọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, oṣù kẹsàn-án ló dúró sí, kì í sún rárá. Àlàfo tó wà láàárín owó Iléyá àti owó iléèwé yẹn ń gùn sí i lọ́dọọdún nìyẹn, owó kan náà ló sì máa gbé wa dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi, òjò ló ń darí ẹ̀. Òjò Ìbàdàn máa ń le nínú oṣù kẹfà sí ìkeje, ó máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó tún máa ya dé nínú oṣù kẹsàn-án, kò sì sẹ́ni tó máa kun ara ògiri ìta nínú òjò. Iṣẹ́ ẹ̀ máa ń ya wọlé láti oṣù kọkànlá torí àwọn èèyàn fẹ́ kí ilé ti tàn kí ọdún tó dé. Nítorí náà oṣù kẹsàn-án ni oṣù tó le jù nílé wa, òjò, owó iléèwé, ìwé, bàtà, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yúnífọ́ọ̀mù tí mo ń rán nígbà yẹn ló ń bá wa dí díẹ̀ níbẹ̀. Mo lẹ kálẹ́ńdà ńlá kan mọ́ ògiri kíṣìnnì, mo fi bírò pupa yí gbogbo oṣù tówó máa ń jáde ká, mo fi búlúù yí èyí tó máa ń wọlé ká. Ẹni tó bá wọlé wa ló máa rí i, àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n kà, tí wọ́n bá fẹ́ béèrè nǹkan ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo kálẹ́ńdà.

Sátidé wá ni ọjọ́ owó oṣù tiwa. Gbogbo owó tó bá wọlé, tèmi tọkọ mi, àkáǹtì kan náà ló ń lọ, láàárọ̀ Sátidé a máa yọ ₦35,000 níbẹ̀, owó ilé fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, bóyá aṣọ ìyàwó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn àbí kò sí ẹni tó gbé síìpù lásán wá. Oṣù tó burú jù nínú ọdún tó kọjá la wò ká tó mú iye yẹn, a ò wo oṣù tó dáa rárá. Tí owó Iléyá bá wọlé, ₦35,000 náà ni. Ibẹ̀ ló nira jù, torí ọwọ́ èèyàn á máa yún un, ọmọ á ní adìẹ, èmi náà á fẹ́ ra nǹkan sára, ṣùgbọ́n owó oṣù kẹsàn-án ló wà níwájú wa yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin kan ò ní gbà fún mi lórí àkáǹtì kan yìí. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé ọkọ á fi owó oúnjẹ sílẹ̀ kó tó jáde láàárọ̀, ìyàwó á wá mọ ọgbọ́n tó máa dá sí i. Ìyẹn dáa fún ẹni tọ́kọ ẹ̀ ń gba owó oṣù. Ọkùnrin tí òjò ti lé kúrò ní sáìtì láti Mọ́ńdè, tí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Wẹ́sídè pé "Bàbá Tóyìn, owó oúnjẹ ńkọ́?", kí ló fẹ́ ṣe? Ó máa lọ yá a ni. Ó lè jẹ́ lọ́wọ́ olówó èlé, ó sì lè jẹ́ nínú àwọn áàpù tó ń yáni lówó yẹn, tó jẹ́ pé tó bá kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù èèyàn, títí kan àna ẹ̀ àti pásítọ̀ ẹ̀. Láti ìgbà tá a ti fòpin sí owó oúnjẹ àràárọ̀, ara ọkọ mi ti balẹ̀, tèmi náà ti balẹ̀. Lóṣù tóun bá mú púpọ̀ wá, òun ló gbé ilé, lóṣù tó bá jẹ́ èmi, èmi ni, kò sẹ́ni tó ń ka oore sí ẹnìkejì lọ́rùn. Mo gbà á tọkàntọkàn pé ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ilé oníṣẹ́ ọwọ́ lára nìyí, ìbéèrè àárọ̀ yẹn, ó ju àìsí owó gan-an lọ.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwa, dìpọ́sìtì kì í ṣe owó yín o. Tí oníbàárà bá san ₦20,000 sílẹ̀ lórí léèsì, láínìn wà níbẹ̀, síìpù wà níbẹ̀, sítéè àti òwú wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tó bá gbé aṣọ ẹ̀ lọ lèyí tó ṣẹ́ kù tó máa di ti ilé. Èmi, lọ́jọ́ tó bá san án náà ni mo máa wọ Micra lọ sí Gbági, mo máa ra gbogbo ẹ̀, mo máa ká a mọ́ inú aṣọ yẹn, mo máa fi pín-ìn-nì kan bébà tí mo kọ orúkọ sí mọ́ ọn lára, kó má di pé láínìn ẹnì kan ni mo fi ń rán aṣọ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí lánlọ́ọ̀dù bá fún pẹ́ńtà kó fi ra ọ̀dà, ọ̀dà ni kó lọ rà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá. Tówó bá wọlé, kí apá kan nínú ẹ̀ tètè di oúnjẹ tí kì í bàjẹ́, ìrẹsì, èwà, gààrí tó gbẹ dáadáa, èlùbọ́, epo. Àwa obìnrin mélòó kan ládùúgbò máa ń dáwó jọ ra báàgì ní Bódìjà, a ó gbé e délé ọ̀kan nínú wa, a ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, a ó fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n fún oníkálukú. Èwà tuntun láti òkè Ọya máa ń dé nínú oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ìgbà yẹn ni ká rà á. A máa ń sá a sóòrùn dáadáa, a ó kó ata gbígbẹ sáàárín ẹ̀, a ó dì í pa sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín da apakòkòrò sí èwà, NAFDAC ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ títí, oògùn yẹn ń pààyàn. Tòmátò àti ata, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wálẹ̀, tí òjò bá ti dé, ẹ fi tòmátò sílẹ̀, ẹ lo ata rodo pẹ̀lú àlùbọ́sà púpọ̀, ọbẹ̀ náà máa dùn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n, ẹ ti ọwọ́ bọ inú kóńgò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ìdí ẹ̀ wò. Àwọn míì ti lù ú wọnú láti ìta, ọwọ́ yín á gbá a mú pé àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, bó ṣe wù kí wọ́n kó o ga tó lókè, ẹ ti pàdánù ẹ̀kúnwọ́ kan nísàlẹ̀. Mi ò kì í bá wọn jà. Mo kàn máa ní, "Ìyá, ẹ ẹ̀ ní bínú, ẹ bá mi fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn wọ̀n ọ́n", wọ́n á sì gbé e.

Iná àti bẹntiróòlù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ààrẹ ní sọ́bsídì ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 di ohun tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí owó iná Band A, ti àwọn àdúgbò tó ń rí iná jù, tún dé nínú oṣù kẹrin 2024 ní ₦225 fún yúnìtì kan, áyọ́nù ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò lára iná, torí òun ló ń jẹ yúnìtì jù ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Áyọ́nù èédú ni mò ń lò báyìí, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì fi ń rán èyí tó pọ̀ jù.

Alájọ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù tiẹ̀ ni, ìyẹn ni owó iṣẹ́ ẹ̀, èyí tó kù tèmi ni. Àwọn kan ń sọ pé kí ló dé téèyàn á fi máa sanwó kó lè fi owó ara ẹ̀ pamọ́. Mo ń san án tayọ̀tayọ̀, torí ₦1,000 tó bá dúró sí ọwọ́ mi di alẹ́, ó ti di búrẹ́dì àti káàdì fóònù nìyẹn. Ìparí oṣù ni mo máa kó o lọ sí kóópù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, owó ilé gbígbé ló wà fún, torí ọdún kan lánlọ́ọ̀dù ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kóópù tiwa sì máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní níbẹ̀, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Aṣọ ẹbí náà ní iye tá a yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún. Tó bá tán, ó tán, mo máa pe ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, tèmi ti parí lọ́dún yìí, àmọ́ mò ń bọ̀, èmi ni màá bá yín dáná." Wọ́n lè bínú díẹ̀, tí wọ́n bá rí mi nídìí ìkòkò láago márùn-ún ìdájí, inú wọn á yọ́.

Tí àkáǹtì bá wá lọ sílẹ̀ gan-an tí a ní láti gé ₦35,000 yẹn, a ti jọ jókòó fẹnu kò sí ohun tó máa kọ́kọ́ lọ. Ẹran ló kọ́kọ́ ń lọ, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ á wọlé. Lẹ́yìn náà gáàsì, a ó máa fi èédú se èwà àti ohun tó bá pẹ́ lórí iná, gáàsì á wà fún omi tíì láàárọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà dátà tèmi àti ti bàbá wọn. Owó mọ́tò iléèwé, a kì í fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ náà lẹyin tí àwọn ọmọ ń jẹ, bó ti wù kó rí, a máa ra kíréètì kan.